Orúkọ àti Àdírẹ́sì: Láti Post Office Ìlọrin Dé Orí Ímeèlì

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fún àdúgbò Post Office ní Ìlọrin lórúkọ. Lára ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tó ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá, orúkọ ní ìlà tirẹ̀, àdírẹ́sì ní tirẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ń lo P.M.B. 1515. Nọ́ńbà yìí ló ń gbé lẹ́tà dé ọgbà; orúkọ ló ń sọ ẹni tó ni ín láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jọ ń lo nọ́ńbà kan. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣi orúkọ kọ díẹ̀, ẹni tó ń pín lẹ́tà mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Kọ̀ǹpútà kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Ní 1971, Ray Tomlinson fi àmì @ ya orúkọ ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó di 1982, David Crocker kọ RFC 822, ìlànà fún ímeèlì: orúkọ lè ṣíwájú, kí àdírẹ́sì wà láàárín < àti >. Àwọn mìíràn ṣì ń kọ àdírẹ́sì ṣáájú, wọn a fi orúkọ sínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni kóòdù tó ń ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ lè kà.

Kọ́mà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Fọ́ọ̀mù púpọ̀ ní Nàìjíríà ń fi orúkọ ìdílé ṣíwájú: Adebayo, Kunle. Nínú ímeèlì, kọ́mà ló ń ya ẹni kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì. Kóòdù tó bá kàn gé ìlà níbi kọ́mà yóò sọ ẹnì kan di méjì, Adebayo kò sì ní ní àdírẹ́sì kankan. Ìdí nìyí tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú àmì àyọlò: "Adebayo, Kunle" <kunle@example.com>.

Àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Lẹ́tà ASCII, tí kò ní àmì ohùn, nìkan ni ìlànà 1982 gbà, Kúnlé sì di Kunle. Fún èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, àdánù gidi ni. RFC 2047 ti 1996 fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀wù tó lè wọ̀ rìnrìn àjò: =?UTF-8?Q?K=C3=BAnl=C3=A9?=. Kóòdù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín ìlà náà kó tó tú ẹ̀wù yìí, nítorí kọ́mà lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ní 2012, RFC 6532 gba àmì ohùn láàyè láìsí ẹ̀wù kankan.

Ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́ ló ń kọ orúkọ náà fúnra rẹ̀, ó sì lè kọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì ẹlòmíràn síbẹ̀. Ní 2023, wọ́n kéde àléébù kan nínú parseaddr, kóòdù tí èdè Python fi ń ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára àdírẹ́sì: ó lè mú apá tí kò tọ́ nínú ìlà kan gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì, kí ẹni tí kò yẹ sì rí àyè wọlé. Lẹ́yìn àtúnṣe, bí ìlà kan bá rú u lójú, kì í méfò mọ́. Orúkọ òfìfo àti àdírẹ́sì òfìfo ló ń dá padà.