Iṣẹ́ Tí A Rán Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìyípadà Ètò Tẹlifíṣọ̀n Tí A Gbà Sílẹ̀ Nílé àti Ohun Tí Èdè Ń Pàdánù Níbẹ̀

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí ó ní làákàyè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró, kí òun sì ronú sí ohun tí ẹni tí ó rán òun ní lọ́kàn. Kọ̀ǹpútà kò ní irú làákàyè yìí. Bí a bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Ibi tí a kò bá sì ti sọ ohunkóhun, ìlànà tí ẹni tí ó kọ sọ́fítíwià ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ ìtàn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan wò: bí àwọn ènìyàn, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ilé gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, tí kọ̀ǹpútà náà sì ń sọ ọ́ di fáìlì kékeré fúnra rẹ̀ nígbà tí onílé ń sùn. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni. Èrò wa ni pé ó kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pẹ̀lú. Nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá dín fáìlì kù, ohun kan wà tí ó ń jù nù, èdè sì sábà máa ń wà lára ohun náà.

2. Láti orí kásẹ́ẹ̀tì dé orí dísìkì

Ní 1975 ni Sony gbé ẹ̀rọ Betamax jáde. Ní 1976 ni JVC gbé VHS tirẹ̀ jáde ní Japan. Ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wà níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán, kí ó sì wo ètò ọ̀sán náà ní alẹ́. Èyí kò dùn mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá nínú. Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́ ní 1976, ẹjọ́ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1984, adájọ́ 5 nínú 9 gbà pé ẹni tí ó gba ètò sílẹ̀ nílé rẹ̀ kí ó lè wò ó nígbà mìíràn kò rú òfin. Ìdájọ́ yìí ni ó la ọ̀nà fún gbogbo ohun tí a ó sọ lẹ́yìn èyí.

Àléébù kásẹ́ẹ̀tì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí ó wúlò fún ìtàn: kì í yọ ohun tí ó wà láàárín ètò méjì kúrò. Ìpolówó ọjà ń wọlé, ìkìlọ̀ nípa ìjì ń wọlé, ohùn ẹni tí ó ń sọ ètò tí ó kàn náà ń wọlé. Marion Stokes, obìnrin kan ní Philadelphia, gba ìròyìn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 30 ọdún títí ó fi kú ní 2012. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 70,000, Internet Archive ni ó sì gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà ní àwọn ọdún yẹn yóò rí i níbẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí ó ti gé e kúrò.

Ní 1999, TiVo àti ReplayTV dé. Orí dísìkì ni àwọn wọ̀nyí ń gba ètò sí. TiVo àkọ́kọ́ lè gba wákàtí 14 tàbí 30, bí dísìkì rẹ̀ bá ṣe tóbi tó. Ní 2001, wọ́n gbé oríṣi ReplayTV kan jáde tí ó ń fo ìpolówó ọjà fúnra rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti ti sinimá gbé ẹjọ́ dìde. SONICblue tí ó ni ReplayTV wọ gbèsè, ó sì kéde pé òun kò lè san án mọ́ ní 2003.

3. Kọ̀ǹpútà ilé gba iṣẹ́ náà

Ní 2002, Isaac Richards bẹ̀rẹ̀ MythTV, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ní ọdún kan náà, Microsoft gbé Windows XP Media Center Edition jáde. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà lásán tí a so mọ́ wáyà tẹlifíṣọ̀n lè ṣe ohun tí TiVo ń ṣe.

Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé ni ààyè. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí a ń pè ní MPEG-2 ni tẹlifíṣọ̀n oní-díjítà ti Amẹ́ríkà ń lò, ìkànnì kan sì lè gbé mẹ́gábíìtì 19.39 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ètò kan ṣoṣo bá gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ààyè yìí, wákàtí kan lè tó gígábáìtì 8. Dísìkì gígábáìtì 120 kò ní gbà ju wákàtí 15 lọ.

Ọ̀nà àbáyọ wà nítòsí. Fabrice Bellard ti bẹ̀rẹ̀ FFmpeg ní 2000, Eric Petit sì ṣe HandBrake ní 2003. Ní 2003 kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí ó lè gbé irú àwòrán kan náà ní nǹkan bí ìdajì ààyè tí MPEG-2 ń gbà. Ohun tí ó kù ni kí iṣẹ́ náà máa ṣe ara rẹ̀. MythTV fi àyè sílẹ̀ fún onílé láti kọ àṣẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ètò kan bá ti parí, sọ́fítíwià náà yóò fi orúkọ fáìlì rẹ̀ sínú àṣẹ yẹn, yóò sì mú un ṣẹ. Comskip, àti irinṣẹ́ tí MythTV ní fún irú iṣẹ́ yìí, á wá ìpolówó ọjà. Wọ́n á wo ibi tí àwòrán ti ṣókùnkùn, ibi tí àmì ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti parẹ́ ní igun, àti bí abala kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Lẹ́yìn náà ni a ó gé ìpolówó, a ó fún èyí tí ó kù pọ̀, a ó sì pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́.

Òfin tún fẹ́ dí ọ̀nà náà. Ní 2003, FCC, àjọ tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀rọ tí ń gba tẹlifíṣọ̀n oní-díjítà máa bọ̀wọ̀ fún àmì kan tí yóò dín àǹfààní ìdàkọ kù. Àwọn ẹgbẹ́ ilé-ìkàwé ni ó ṣáájú àwọn tí ó lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Èbìbí 2005, kóòtù sọ pé FCC kò ní agbára láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ó jà: àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀.

4. Ohun tí ó ń bọ́ sílẹ̀

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ tọ́ka sí.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán tí a ń kọ fún àwọn adití. Oṣù Ẹrẹ́nà 1980 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti 1993 ni òfin ti sọ pé gbogbo tẹlifíṣọ̀n tuntun tí ojú rẹ̀ tó ínṣì 13 gbọ́dọ̀ lè fi í hàn. Nínú MPEG-2, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀wọ́ tí ó dá dúró. Inú àwòrán gan-an ni a fi pamọ́ sí. Bí sọ́fítíwià bá tú àwòrán ká láti fún un pọ̀ lọ́nà mìíràn, tí kò sì mọ̀ pé òun ní láti kó ọ̀rọ̀ náà dání, ó ti lọ nìyẹn. Onílé kò ní mọ̀, nítorí àwòrán yóò ṣì mọ́, ohùn yóò ṣì dún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó jẹ́ kí a lè wá gbólóhùn kiri nínú NewsScape, àkójọ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n tí ó wà ní UCLA.

Èkejì ni ohùn kejì. Láti 1984 ni tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ti lè gbé ohùn mìíràn pẹ̀lú èyí tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́, èdè Sípáníìṣì sì ni a sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí FFmpeg ń ṣe bí a kò bá sọ fún un pé kí ó mú gbogbo rẹ̀: ọ̀wọ́ ohùn kan ṣoṣo ni yóò mú, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ jù. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ẹ̀ka 6 fún gbohùngbohùn 6, tí Sípáníìṣì sì ní 2, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kù. Bí wọ́n bá dọ́gba, èyí tí ó wà níwájú ni yóò mú. Kò sí ẹni tí ó jókòó pinnu pé kí èdè kan parẹ́. Iye ni ẹ̀rọ kà. Èdè tí owó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń ní iye.

Ẹ̀kẹta ni ìpolówó ọjà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àyálò tuntun, àpárá, àti àdàlù èdè tí olóòtú ìròyìn kì í fẹnu kàn.

5. Ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ tiwa

Ẹni tí ó bá ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti fi ṣe ìwádìí yóò pàdé àwọn sọ́fítíwià kan náà yìí. Bí ìkéde kúkúrú kan ní èdè Yorùbá bá bọ́ sí àárín ètò èdè Faransé méjì, ohun tí Comskip ń wá náà ni ó jọ: abala kúkúrú láàárín òkùnkùn méjì. Ó lè gé e kúrò, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé òun kò gbọ́ Yorùbá ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, kí a tó pa àṣẹ, ẹ jẹ́ kí a ka iye ọ̀wọ́ ohùn tí ó wà nínú fáìlì. Nínú FFmpeg, «-map 0» ni ó ń sọ fún un pé kí ó mú gbogbo ọ̀wọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán bá wà, kí a yọ ọ́ sí fáìlì tirẹ̀ kí a tó fún àwòrán pọ̀. CCExtractor ń ṣe èyí. Kí a má sì gé ohunkóhun, nítorí bí a bá gé ìpolówó lẹ́yìn tí a ti yọ ọ̀rọ̀, àkókò tí a kọ sára ọ̀rọ̀ kò ní bá ti àwòrán mu mọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má ṣe pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́ kí ènìyàn tó fi ojú ara rẹ̀ wo èyí tuntun, kí ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìjà ọdún 1984 àti ti 2005 dá lórí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú ètò. Wọ́n jà á, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ohun tí kóòtù kò gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ìlà àṣẹ kan tí a kọ lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbàgbé lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Iṣẹ́ ẹrú ni a rán kọ̀ǹpútà, bí ẹrú ni yóò sì jẹ́ ẹ. Ọwọ́ àwa tí a rán an ni ti ọmọ wà.