Bí A Ti Mọ Là Ń Kú: Owó Páténtì àti Oníṣẹ́ Ọwọ́

"Bí a ti mọ là ń kú, olongo kì í kú tìyàntìyàn." Àwọn àgbà kì í sábà pa òwe yìí fún olówó. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó tó ju agbára rẹ̀ lọ ni wọ́n ń fi í kìlọ̀ fún. Olongo kéré láàárín àwọn ẹyẹ. Bó bá já lulẹ̀, ilẹ̀ kò ní mì. Ṣùgbọ́n òwe náà kò mọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bí a ti mọ là ń kú, a jẹ́ pé bí a ti mọ náà ló yẹ kí wọ́n máa bu owó lé wa. Ìjọba tó bá ń gba iye kan náà lọ́wọ́ olongo àti lọ́wọ́ erin ti rẹ́ olongo jẹ.

Òfin páténtì Amẹ́ríkà gba èyí gbọ́. Páténtì ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ ohun tuntun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà láìgbàṣẹ. Láti January 2025, owó ìforúkọsílẹ̀, ìwádìí àti àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́ $2,000 fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 500 lọ ń gba ẹ̀dínwó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó wà ní ipò tó kéré jù lọ, èyí tí òfin ọdún 2011 dá sílẹ̀, ń gba 80: $400 péré ni yóò san.

Ta ni ẹni tó kéré jù lọ? Ká mú ajórin kan ní Okokomaiko, l'Ékòó, tó ṣe ààrò tí kì í jẹ́ kí èéfín bọ́ sójú àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Fọ́ọ̀mù tí yóò buwọ́ lù ń béèrè pé kí orúkọ rẹ̀ má tíì wà nínú ìwé ìbéèrè páténtì tó ju mẹ́rin lọ ní Amẹ́ríkà, kí owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá má ju iye kan lọ, kó má sì tíì ta ẹ̀tọ́ náà, tàbí ṣèlérí rẹ̀, fún ẹni tí owó tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye náà lé ní $200,000. Wọn yóò ṣírò náírà rẹ̀ sí dọ́là. Kò síbi tí wọ́n ti ní kó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ yunifásítì bíi LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, gba sùúrù díẹ̀. Yunifásítì orílẹ̀-èdè yòówù lè gba ẹ̀dínwó 60. Ṣùgbọ́n ọ̀nà pàtàkì tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gbà dé 80, ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan lè rò pé owó kékeré tó ń wọlé fún òun yóò mú òun dé 80 náà. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà wí pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ti agbanisíṣẹ́ ni. Bó bá ti jẹ́ ti yunifásítì, owó yunifásítì ni wọn yóò wò.

Òwe wa sì tún bá erin tó sọ ara rẹ̀ di olongo wí. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa ipò rẹ̀ yóò san ìtanràn tí kò ní dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tó yẹ kó san tí kò san. Ẹ̀dínwó Amẹ́ríkà yìí kò kan owó lọ́yà o, owó lọ́yà ló sì máa ń wọ́n jù.

Òfin páténtì Nàìjíríà, ti ọdún 1970, kò pín àwọn olùbéèrè sí ńlá àti kékeré rárá. Àbùkù ni, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin tún un ṣe. Àmọ́ a wọ PCT, àdéhùn àgbáyé lórí ìbéèrè páténtì, ní 2005, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé nílé tó bá sì fi orúkọ ara rẹ̀ béèrè lábẹ́ àdéhùn náà ní ẹ̀dínwó 90 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwọn owó kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ òfin ní LASU, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀tọ̀-Àwórì, kí ẹ bá wọn kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀dínwó Amẹ́ríkà yìí. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má gbé iṣẹ́ tuntun lọ pàtẹ ní Alábà kí ẹ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin wa, ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́.