Owó Orí àti Ohùn Ẹni

Láyé àtijọ́, orí ènìyàn ni wọ́n máa ń kà, wọn kì í ka àpò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní owó orí. Ní 1918, ó wà lára ohun tó fa Ogun Àdúbí ní Ẹ̀gbá. Láti 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti: ìjọba ń gba owó wọn, kò sì gbọ́ ohùn wọn. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀.

Lónìí, ní Coconut ní Àpápá, a ti yọ owó orí ọkọ tó jẹ́ akọ̀wé kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ oníṣọ́ọ̀bù ni yóò ṣírò tirẹ̀. Síbẹ̀, òfin ní kí àwọn méjèèjì kọ iye tó wọlé fún wọn, kí oṣù kẹta tó parí. Ẹni tí kò kọ ọ́, ìjọba lè díwọ̀n rẹ̀ fún un. Ohùn tí àwọn ìyá wa jà fún ni onítọ̀hún gbé sọnù yẹn.