Ta Ló Dá Ìjọ Abúlé Dúró? Káàdì Ìjọ àti Ìtàn Áńgílíkà ní Èkìtì

Láti ìgbà tí J. F. Ade Ajayi ti gbé Christian Missions in Nigeria jáde ní 1965, tí ìwé E. A. Ayandele sì tẹ̀ lé e ní 1966, ojú àwọn òyìnbó míṣọ́nárì CMS àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n tọ́ dàgbà ni a fi ń wo ìjọ Áńgílíkà nílẹ̀ Yorùbá. J. D. Y. Peel tún ọ̀nà yìí ṣe púpọ̀ ní 2000, nítorí àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá ló gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé. Síbẹ̀, ó ku ibì kan. Àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ń ṣọ̀wọ́n bí ọ̀rúndún 19 ti ń parí lọ, ìgbà náà gan-an sì ni ìjọ ń hù káàkiri abúlé Èkìtì.

Ohun méjì ni a ti ń dà pọ̀ mọ́ra: kí ìgbàgbọ́ dé ìlú, àti kí ìjọ dúró níbẹ̀. Ti dídé kò nira. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àwọn ẹrú àti òǹdè tó padà sílé lẹ́yìn tí ogun Kírìjì tú ká ní 1893 ló mú un wá. J. B. Webster náà ti fi hàn pé oko kòkó Agége, lọ́dọ̀ J. K. Coker àti ẹgbẹ́ rẹ̀, rán ìgbàgbọ́ lọ sí òkè pẹ̀lú àwọn alágbàṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iná wá lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí a bá ń wá igi.

Àwọn tó ń wá igi ni mò ń bèèrè. Alùfáà kan ṣoṣo ló ń bójú tó ìjọ púpọ̀, nítorí náà Ìdàpọ̀ Mímọ́ di ohun tí a ń dúró dè. Ìsìn òwúrọ̀ ni ti ọjọ́ ìsinmi; kátíkíìsì ló ń darí rẹ̀, àwọn ìyá tí kò mọ̀wé sì há sáàmù sórí. Ti ìkórè kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àkùkọ, àti gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn.

Káàdì ìjọ ni kò sí ẹni tó kà sí. Pépà líle kékeré ni: orúkọ, ẹgbẹ́, kíláàsì, oṣù méjìlá, àti ààyè tí akápò yóò fọwọ́ sí. Bí ọmọ ìjọ bá kú, káàdì yìí ni wọ́n ń bèèrè kí aago tó dún. Bí gbèsè bá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé ni yóò san án kí wọ́n tó gbé òkú wọ ilé ìsìn. Àwọn kan ń pe èyí ní ojúkòkòrò. Mi ò gbà rárá. Bí ẹgbẹ́ ti ń ṣe sí ọmọ ẹgbẹ́ kí ìgbàgbọ́ tó dé nìyẹn: ẹni tó bá ń dá owó ni ẹgbẹ́ ń bá sin òkú. A máa ń fi ìyìn ìjọ tó ń bọ́ ara rẹ̀ fún Henry Venn, akọ̀wé CMS ní London. Ó ṣeé ṣe kí ìlànà rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orí ohun tó ti wà nílẹ̀ ló bọ́ sí.

Èyí ló jẹ́ kí n rò pé a ti ṣi ìtàn 1930 kà. Nígbà tí ìsọjí Joseph Babalola bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ọ̀pọ̀ ọmọ Áńgílíkà ló tọ̀ ọ́ lọ. Síbẹ̀ ìjọ abúlé kò tú. Ẹ̀kọ́ kọ́ ló dá wọn dúró, ìsìnkú ni.

Ẹni tó bá ń jiyàn kó wo Ghana. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ló kó ìjọ Onítẹ̀bọmi jọ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní November 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, àwọn míṣọ́nárì Amẹ́ríkà kò kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìsìn ṣófo. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kọ́kọ́ bèèrè pásítọ̀ bí mo bá ń wá ìtàn àwọn Yorùbá onígbàgbọ́ ní Niamey, ní àgbègbè ọjà Katako tàbí ibòmíràn. Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Niger pa lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba tó wáyé níbẹ̀ ní July 2023, kò sì ṣí i títí di March 2024. Ìwé akápò oṣù wọ̀nyẹn ni n ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá.