Fífi fóònù gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ tẹlifíṣọ̀n ní Ìṣẹ̀rí-Olófin

Ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ìlú Àwórì tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ ilé ló ní tẹlifíṣọ̀n tó lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ tí kò sí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó wọlé wọn. Fóònù ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Iṣẹ́ méjì ni fóònù lè ṣe fún tẹlifíṣọ̀n: ó lè gbé dátà wá fún un, ó sì lè darí ohun tí yóò hàn lójú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ kìíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ ni dátà máa ń tán mọ́ lọ́wọ́, tí wọn kò ní mọ ibi tó gbà lọ.

Ìlú náà

Ìtàn àwọn Àwórì so orúkọ Ìṣẹ̀rí mọ́ Olófin Ògúnfúnminíre, ẹni tí wọ́n ní ó tẹ̀ lé àwo tó ń léfòó lójú omi. Ìṣẹ̀rí mìíràn wà létí odò Ògùn, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí a má ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín wà lójú ọ̀nà tó ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó wá, Ìdímù, Ẹgbẹ́dá, Ìgàndò àti Ìkòtún sì yí i ká.

Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn ní ènìyàn 1,277,714 ló wà ní Alímòṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà; iye tiwọn jẹ́ 2,047,026. Èyí tó wù kí a gbà, èrò ni èrò, ọ̀rọ̀ náà sì kan tẹlifíṣọ̀n. Àjọpín ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ máàsìtì kan ni wọ́n jọ ń pín agbára tó ní. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí wọ́n jókòó, tí kálukú ṣí fídíò tirẹ̀, àwòrán tó ń lọ geerege ní ọ̀sán á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, á máa yí bíríbírí. Ẹni tó bá ń wò ó nílé á rò pé fóònù òun ló bàjẹ́.

Bí ó ṣe di báyìí

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àńtẹ́nà nìkan ni tẹlifíṣọ̀n nílò, ilé iṣẹ́ náà ló sì ń yan ohun tí ènìyàn máa wò àti ìgbà tí yóò wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí díìṣì dé, àfi pé owó oṣooṣù wọ̀ ọ́. Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ rà á fún. Ọdún 2010 ni Android 2.2 jẹ́ kí fóònù lè sọ ara rẹ̀ di Wi-Fi fún ẹ̀rọ mìíràn, ohun tí gbogbo wa ń pè ní hotspot. Ní ọdún 2013, Google gbé Chromecast jáde, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń tà ní dọ́là 35 ní Amẹ́ríkà. Netflix ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2016.

Ṣùgbọ́n ní tèmi, kì í ṣe ẹ̀rọ ló fa àwọn èèyàn sídìí ọ̀nà yìí. Fíìmù ni, owó sì tì í lẹ́yìn. Fíìmù Yorùbá tí à ń rà lórí fídíò káṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà lórí àwo, ti kó lọ sórí YouTube. Àwọn ńlá ńlá náà gba orí Netflix: Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, owó oṣù díìṣì DStv, èyí tí wọ́n ń pè ní Compact, fò láti N15,700 sí N19,000. Ìyá tó jẹ́ pé fíìmù Yorùbá nìkan ló ń wò á bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ń sanwó fún. Àmọ́ owó dátà náà kò dúró sójú kan: ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà ni NCC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ fóònù, gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lọ́wọ́ SuperSport, tó wà lórí DStv, síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù kò fi tíì tú ká ládùúgbò.

Hotspot

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù nìyí. A óò wọ Settings lórí fóònù, a óò wá ibi tí wọ́n kọ Hotspot sí, a óò fún un ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, a óò sì tàn án. Lórí tẹlifíṣọ̀n, a óò wọ ibi Network, a óò yan orúkọ yẹn, a óò sì fi rìmóòtù tẹ páswọ́ọ̀dù náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ dín sí lẹ́tà mẹ́jọ, iṣẹ́ sùúrù sì ni fífi rìmóòtù tẹ̀ ẹ́. Kí páswọ́ọ̀dù má gùn jù, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ 12345678, nítorí ọmọ ilé kejì náà mọ ìyẹn.

Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni bí tẹlifíṣọ̀n kò bá rí hotspot rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé oríṣi ìgbì méjì ni Wi-Fi ń lò jù, 2.4GHz àti 5GHz, tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú kì í sábà rí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí fóònù bá ń gbé hotspot rẹ̀ jáde lórí 5GHz, tẹlifíṣọ̀n á wá a títí, asán ni. Lórí Android, a lè yan 2.4GHz níbi tí a ti ṣètò hotspot. Lórí iPhone 12 sókè, ibi tí wọ́n kọ Maximize Compatibility sí la óò tàn. 2.4GHz kò yára tó èkejì, àmọ́ ó ń la ògiri kọjá dáadáa jù ú lọ, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tí fóònù rẹ̀ wà ní yàrá nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀.

Ìṣòro kejì jẹ mọ́ iná. Bí wọ́n bá mú iná, tí wọ́n tún mú un wá, aago inú àwọn tẹlifíṣọ̀n kan máa ń padà sẹ́yìn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá rò pé ọdún mélòó kan sẹ́yìn la wà, kò ní gbà pé àwọn ìwé ẹ̀rí ààbò tí YouTube tàbí Netflix fi hàn án tọ̀nà. Wi-Fi á wọlé, fídíò kò ní ṣí. Kí a tún ọjọ́ àti aago ṣe ni oògùn rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó san owó fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ lórí ohun tí ọmọdé lè ṣe.

Ìṣòro kẹta ni ìpè. Fóònù tí kò lè sọ̀rọ̀ lórí 4G máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G bí ẹnì kan bá pè é, fíìmù á sì dúró gan-an níbi tó ti fẹ́ dùn. Ẹni tó bá ní fóònù àtijọ́ kan nílé lè fi káàdì dátà sínú ìyẹn, kí ó sọ ọ́ di ti tẹlifíṣọ̀n. Kí ó gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí, torí hotspot àti ṣájà lẹ́ẹ̀kan náà máa ń mú fóònù gbóná, ooru sì ń pa bátìrì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Fífi fídíò ránṣẹ́ láti orí fóònù

Iṣẹ́ kejì ti fóònù bẹ̀rẹ̀ níbí. Bí a bá ṣí YouTube lórí fóònù, tí a tẹ àmì kékeré tó jọ tẹlifíṣọ̀n tó ní ìlà tíntìntín ní igun, fóònù kì í fi fídíò náà ránṣẹ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n á sì lọ mú fídíò náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí a fi lè máa lo WhatsApp lọ láìdí fíìmù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó lè rí tẹlifíṣọ̀n, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí Wi-Fi kan náà. Nínú ilé tí ayálégbé mẹ́ta ti ń pín Wi-Fi kan, ọmọ ayálégbé kejì lè gbé orin tirẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n yín láìtọrọ àyè. YouTube tún ní ọ̀nà kóòdù, tí a óò ka nọ́ńbà lójú tẹlifíṣọ̀n, tí a óò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ní ti Netflix, ní ìparí ọdún 2025 ni wọ́n mú àyè fífi fídíò ránṣẹ́ láti orí fóònù kúrò lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Rìmóòtù ni wọ́n fẹ́ kí a máa lò.

Ohun tó yàtọ̀ sí fífi àdírẹ́sì fídíò ránṣẹ́ ni kí a gbé ojú fóònù fúnra rẹ̀ síta, kí ohun gbogbo tó bá hàn lórí fóònù máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Miracast, tó jáde ní ọdún 2012, ló ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ Android. Samsung ń pè é ní Smart View, AirPlay sì ni ti iPhone. Miracast kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá, torí ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹni tó bá ti fi dátà òru gba fíìmù sórí fóònù lè jókòó wò ó lójú ńlá láìná ẹyọ dátà kan. Mo rò pé òun ló yẹ ilé tí owó ò tó jù, òun gan-an sì ni wọn kì í sábà lò. Àbùkù rẹ̀ ni pé fíìmù Netflix máa ń dúdú lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà mìíràn, ohùn nìkan là ń gbọ́, nítorí wọ́n dáàbò bò ó.

Wáyà náà wà: láti fóònù sí HDMI. Kí a tó rà á, kí a gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n dán an wò. Samsung Galaxy S8 sókè àti iPhone 15 sókè ń gbé àwòrán jáde láti ojú ihò USB-C wọn, ṣùgbọ́n ihò yẹn kan náà lórí ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti itel kò ṣe ju kí ó gba iná, kí ó sì gbé fáìlì lọ.

Ibi tí dátà ń gbà lọ

Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan lè jẹ tó 1GB bí àwòrán bá wà ní ìwọ̀n lásán, 3GB bí ó bá jẹ́ HD, àti 7GB bí ó bá jẹ́ 4K. Fíìmù wákàtí méjì ní HD ti kó 6GB lọ nìyẹn. Ẹni tó ń wo fídíò lójú fóònù kékeré kò mọ̀ pé ìwọ̀n rẹ̀ kéré. Ní wéré tí tẹlifíṣọ̀n bá ti ń lọ mú fídíò náà fúnra rẹ̀, ojú ńlá ló ní, ìwọ̀n ńlá ló sì máa béèrè. Dátà tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan lórí fóònù lè tán ní alẹ́ méjì. Kí a wọ ibi Quality lórí YouTube tẹlifíṣọ̀n, kí a sọ ọ́ sí 480p. Lórí tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 32, ẹni tó jókòó sórí àga pálọ̀ kò ní bínú sí i. Kí a tún pa fídíò tó ń tẹ̀ lé ara wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan yàn wọ́n, nítorí tẹlifíṣọ̀n kì í mọ̀ bóyá ẹni tó ń wò ó ti sùn.

Iná àti òkun

Ikeja Electric ló ń pín iná ní àgbègbè yìí. Àwọn oníbàárà tó wà ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Band A ló yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́. Àwọn tó kù ń retí. Níhìn-ín ni fóònù ti borí ráútà: bí iná bá lọ, ráútà kú, fóònù ní bátìrì. Ilé tó bá ní ínfátà tàbí ẹ̀rọ oòrùn kékeré fún tẹlifíṣọ̀n á máa wo fíìmù rẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ilé rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gé nítòsí Àbíjàn. Íntánẹ́ẹ̀tì rọ kárí Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè ìtòsí. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí títan hotspot àti pípa á lè ṣe.

Tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò jẹ́ tòkunbọ̀, ọjọ́ orí wọn sì ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n ojú wọn lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Netflix kúrò lórí àwọn Samsung kan tí wọ́n ṣe ní 2010 àti 2011. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Chromecast ìran kejì kan dédé kọ iṣẹ́ lágbàáyé nítorí ìwé ẹ̀rí inú rẹ̀ tó ti kọjá àkókò, kí Google tó tún un ṣe. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ṣì ní HDMI kò tíì kú: àpótí Android kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ á fún un ní ọpọlọ tuntun. Computer Village ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ rà á. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé òun máa kó ọjà náà lọ sí Katangowa, ní Alímòṣọ́ níbí.

Ẹni tó bá fẹ́ ta tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ kó má ṣe yọ wáyà lásán. Orúkọ hotspot, páswọ́ọ̀dù àti àkáǹtì YouTube tàbí Netflix rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ó wọ Settings, kí ó yan Factory reset, kí ó dúró títí yóò fi béèrè èdè bí ìgbà tó jáde nínú páálí, kí ó tó gbé e fún ẹni tó rà á.