Ẹ́ńjìnnì V6 Toyota: Ìtàn Rẹ̀, Irú Tó Wà àti Ẹ̀yà Tó Bára Mu

Ẹ́ńjìnnì V6 ni èyí tí sílíńdà rẹ̀ mẹ́fà tò ní ọ̀wọ́ méjì, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, tí ọ̀wọ́ méjèèjì sì pàdé nísàlẹ̀ bíi lẹ́tà V. Oní-púlọ́ọ̀gì-mẹ́fà ni wọ́n ń pè é ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ti Toyota gbilẹ̀ gan-an ní Èkó: ó wà nínú Camry, Sienna, Highlander àti Lexus. Ará Festac Town kì í rìn jìnnà kó tó rí i rà, torí ọjà ASPAMDA wà nínú ọgbà Trade Fair, lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry. Àmọ́ owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣòfò níbẹ̀ nítorí pé orúkọ mọ́tò ni wọ́n fi ń béèrè ẹ̀yà, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí wọ́n fi béèrè.

Bí irú wọn ṣe di púpọ̀

Nígbà tí wọ́n kọ́ Festac Town fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé lóṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977, ọ̀rọ̀ kò le tó báyìí. Ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry yìí kan náà, ọdún yẹn náà sì ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Sílíńdà mẹ́rin ni Beetle ní, mẹ́rin náà ni Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna ní. Mẹkáníìkì tó bá ti tú Beetle kan tàbí 504 kan rí ti mọ ìyókù irú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, apá òṣìṣẹ́ kò ká mọ́tò tuntun mọ́, tókúnbọ̀ sì gba ìgboro. Láti Bẹ́líjíọ̀mù, Jámánì, Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ti ń wá, ẹ́ńjìnnì tí Toyota sì ń fi sínú mọ́tò yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ẹ wo Camry tí a ń pè ní Big Daddy. Kódà nínú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nìkan láàárín 2004 sí 2006, irú ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló wà: oní-sílíńdà-mẹ́rin lítà 2.4, V6 lítà 3.0 àti V6 lítà 3.3. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì Big Daddy kò tíì sọ èyí tó fẹ́.

Ìdílé VZ

Irin ni búlọ́ọ̀kù àwọn V6 Toyota tó ń jẹ́ VZ. 3VZ-FE, lítà 3.0, wà nínú Camry V6 àti Lexus ES300 ọdún 1992 àti 1993 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Àbúrò rẹ̀, 5VZ-FE, lítà 3.4, ló wà nínú 4Runner àti Prado láti àárín àwọn ọdún 1990 lọ sókè. Ó dùbúlẹ̀ láti iwájú mọ́tò lọ sẹ́yìn ni, kò dá bùú bíi ti Camry.

Ìdílé MZ

Ọdún 1993 ni 1MZ-FE jáde, alumíníọ̀mù sì ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: lítà 3.0 ni òun àti 3VZ-FE, ojú sílíńdà àwọn méjèèjì sì fẹ̀ tó mìlímítà 87.5. Ṣùgbọ́n mìlímítà 82 ni pístìnnì 3VZ-FE ń rìn, ti 1MZ-FE ń rìn 83. Ẹ má fi ti ọ̀kan sínú èkejì. Òòfà kékeré tó láti yanjú rẹ̀: yóò lẹ̀ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù VZ, kò ní lẹ̀ mọ́ ti MZ.

Ọ̀nà méjì ni 1MZ-FE pín sí. Èyí àkọ́kọ́ kò ní VVT-i, ìyẹn ètò tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. Òun ló wà nínú Camry V6 láti 1994 dé 2001 àti Sienna 1998 dé 2000. Èyí kejì ní VVT-i: Lexus RX300 láti 1999, Sienna láti 2001, Highlander 2001 dé 2003, Camry láti 2002. Fáàfù ọ́ìlì tí wáyà wọ̀, tó wà lára tọ́ọ̀pù sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ni ẹ fi máa dá VVT-i mọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí oníke, torí ìdérí rọrùn láti pààrọ̀.

3MZ-FE, lítà 3.3, tẹ̀lé e nínú RX330, ES330, Sienna 2004 dé 2006 àti Highlander 2004 dé 2007. Ìrìn pístìnnì rẹ̀ kò yí padà, mìlímítà 83 náà ni, àmọ́ ojú sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ dé 92.

Ìdílé GR

2GR-FE, lítà 3.5, ló wà nínú Camry V6 tí a ń pè ní Muscle, RX350, ES350 àti Sienna láti 2007. Ṣéènì ló ń yí kámù rẹ̀, kò ní bẹ́líìtì táímì rárá. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní páìpù ọ́ìlì VVT-i tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bí rọ́bà yẹn bá bẹ́, ọ́ìlì yóò dà tán kí awakọ̀ tó fura. Toyota fúnra rẹ̀ fi èyí tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó bára mu àti èyí tí kò bára mu

Pístìnnì, ríìngì àti gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù 1MZ kò ṣeé lò fún 3MZ. Bí wọ́n bá tẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù 1MZ sórí 3MZ, etí rẹ̀ yóò yọ sínú sílíńdà, iná yóò sì jó o.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní VVT-i kò yẹ mọ́tò tí brain box (kọ̀ǹpútà) rẹ̀ ń wá VVT-i. Brain box yóò máa wá fáàfù tí kò sí níbẹ̀, iná "check engine" kò sì ní kú.

Bí nọ́ńbà bá tilẹ̀ bára mu, tí VVT-i náà sì bára mu, ohun tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì lè yàtọ̀: síìtì ẹ́ńjìnnì, sáńpù ọ́ìlì, ọ̀nà èéfín àti wáyà. Ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ dání lọ sọ́jà, kí ẹ gbé méjèèjì síra.

Lórí MZ, bẹ́líìtì táímì kan náà ló ń yí pọ́ńpù omi. Tí ẹ bá ti tú ibẹ̀ fún ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ méjèèjì.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi àkísà àti bẹntiróòlù nu gíríìsì kúrò lára búlọ́ọ̀kù títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i. Fún ìdílé MZ àti GR, 1MZ, 3MZ tàbí 2GR ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi fáníà wọn ojú sílíńdà: 87.5, 92 tàbí 94.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. 1MZ-FE inú mọ́tò 1997 dé 2002 lókìkí fún ọ́ìlì tó ń dì bí ọ̀dà. Lọ́dún 2002, Toyota gbà láti máa tún èyí tó bá bàjẹ́ báyìí ṣe fún ọdún mẹ́jọ láti ọjọ́ tí oníbàárà ra mọ́tò náà ní tuntun. Ọdún mẹ́jọ náà ti kọjá tipẹ́. Bí ẹ bá rí dúdú tó nípọn nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́kú tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ṣe, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára búlọ́ọ̀kù sínú ìwé rísíìtì oníbàárà yín. Ọdún tí wọ́n bá tún tú u, ẹ̀yà tó bá a mu ni wọn yóò rà.