Ìpàgọ́ òmìnira ní Níú Sílándì

Ìpàgọ́ òmìnira ní Níú Sílándì ni àṣà sísùn mọ́jú nínú ọkọ̀ tàbí nínú àgọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba, láìsan owó ibùsùn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ni àwọn tí wọ́n ń rìnrìn-àjò nínú ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tí a to ibùsùn, ibi ìdáná, àti nígbà mìíràn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, sínú rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè náà fi àyè gba àṣà yìí, ṣùgbọ́n ó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti sọ ibi tí kò ti gbọdọ̀ wáyé. Bí agbára yẹn ṣe yẹ kí ó gbòòrò tó ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àwọn olùgbé etíkun, àwọn oníṣòwò àti àwọn arìnrìn-àjò ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún 2011.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Freedom camping ni wọ́n ń pe àṣà yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì orílẹ̀-èdè náà. Òmìnira ni ó wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Ohun tí a fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ oore, olóore sì lè gbà á padà nígbà tí ó bá wù ú. Òmìnira jẹ́ ẹ̀tọ́: ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó gbọdọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bí òfin Níú Sílándì ṣe rí gan-an nìyẹn, òun sì ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ àríyànjiyàn tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti sọ, ẹni tí ó bá pàgọ́ tàbí tí ó bá sùn nínú ọkọ̀ láàárín 200 mítà sí ibi tí ọkọ̀ lè dé, tàbí sí etí òkun, tàbí sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìrìn-ẹsẹ̀ olókìkí tí a mọ̀ sí Great Walks, ni a kà sí ẹni tí ó ń ṣe ìpàgọ́ òmìnira. Ọgbà àgọ́ tí a ń sanwó wọ̀ kò sí lára rẹ̀. Awakọ̀ tí oorun ń kùn, tí ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà láti fojú lé oorun díẹ̀ kí ó má baà fa jàǹbá, kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó kàn wá gbádùn ara rẹ̀ ní etíkun lọ́sàn-án, tí yóò padà sílé nírọ̀lẹ́.

Ṣáájú ọdún 2011

Kì í ṣe àlejò ni ó dá àṣà yìí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Níú Sílándì fúnra wọn ti máa ń di ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n á sì lọ sùn sí etí òkun tàbí etí adágún omi. Ẹgbẹ́ àwọn olọ́kọ̀-ilé, New Zealand Motor Caravan Association, ti wà láti ọdún 1956, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti lé ní 100,000 báyìí.

Iye àlejò àti irú ọkọ̀ tí wọ́n ń lò ni ó yí padà. Àlejò tí ó wọ orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2019 nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nínú wọn ni ó máa ń ra ọkọ̀ àlòkù tàbí kí wọ́n háyà ọkọ̀ kékeré, kí wọ́n tẹ́ fọ́ọ̀mù sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì máa sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí àwọn aráàlú sì máa ń bá lẹ́yìn igi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ di ọ̀rọ̀ ìbínú. Lójú àwọn Māori, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìmọ́tótó lọ: èèwọ̀ ni kí ìgbẹ́ ènìyàn dàpọ̀ mọ́ omi tí a ti ń rí oúnjẹ.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní òfin lọ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n òfin náà kò mú. Lábẹ́ òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 2002, wọ́n lè fi òfin àdúgbò de àwọn olọ́kọ̀-ilé, ṣùgbọ́n wọn kò lè bu owó ìtanràn fún ẹni tí ó rú u lójú ẹsẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbọdọ̀ gbé e lọ. Nígbà tí ẹjọ́ yóò bá fi bẹ̀rẹ̀, àlejò tí a ń wí ti wọ bàálù padà sílùú rẹ̀.

Òfin ọdún 2011

Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti rugby, tí Níú Sílándì gbà lálejò, ni ó mú kí ìjọba tètè wá nǹkan ṣe. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olólùfẹ́ eré náà yóò dé, ilé ìtura kò sì ní gbà wọ́n tán. Òfin Ìpàgọ́ Òmìnira bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹsàn-án.

Òfin náà fi ọwọ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì fún wọn ní òmíràn. Ó fún wọn ní agbára láti bu $200 ìtanràn fún arúfin lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ pé gbogbo ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ìpàgọ́ òmìnira, àfi ibi tí a bá fi òfin dè. Ìdí mẹ́ta péré ni ìjọba ìbílẹ̀ sì lè tọ́ka sí láti de ibì kan: láti dáàbò bo ibẹ̀, láti dáàbò bo ìlera àti ààbò àwọn tí wọ́n ń lọ síbẹ̀, tàbí kí ọ̀nà ibẹ̀ má baà dí mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìdè náà kò gbọdọ̀ ju ìṣòro tí a fẹ́ fi yanjú lọ, ìjọba ìbílẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ de gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí èrè àwọn onílé ìtura nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sì sí ìrísí àdúgbò lójú àwọn tí wọ́n ní ilé síbẹ̀.

Ojú tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fi ń wò ó

Ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìlú ńlá jẹ́ 67 ní Níú Sílándì, ojú kan náà kọ́ sì ni gbogbo wọn fi ń wo ọkọ̀-ilé. Ní gbogbogbòò, ibi tí àlejò ti pọ̀ jù ni ọwọ́ ti máa ń le jù. Ní Queenstown-Lakes, níbi tí òkè àti adágún omi ti ń fa àlejò láti gbogbo àgbáyé, ìgbìmọ̀ ìlú ti gbìyànjú léraléra láti dín ibi tí a lè sùn sí kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Thames-Coromandel, níbi tí iye ènìyàn tí ó wà ní àwọn ìlú etíkun ti máa ń di ìlọ́po púpọ̀ ní Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní.

Àwọn ìlú kéékèèké tí ọ̀nà àwọn àlejò kò gbà kọjá ń fẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olọ́kọ̀-ilé ní ètò kan tí ó ń fi orúkọ oyè fún ìlú tí ó bá ṣe ọkọ̀-ilé lóore: ìlú náà yóò pèsè ààyè ìgbọ́kọ̀sí tí ó gba ọkọ̀ gígùn, ibi tí a lè da ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí táńkì sí, àti omi mímu. Ìrètí wọn ni pé ẹni tí kò sanwó ibùsùn yóò ra epo, búrẹ́dì àti kọfí. Àwọn tí wọ́n ní ọgbà àgọ́ kò fara mọ́ ìrètí yìí. Wọ́n ní àwọn ń san owó orí ilẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí ó ń bá àwọn díje lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tún lọ́ pọ̀ ní ibi tí ó ti jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ tí ọgbà àgọ́ náà wà, tí ó ń gba owó háyà lórí rẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di adájọ́ àti olùdíje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Lábẹ́ gbogbo ìjà yìí, ọ̀rọ̀ owó ni. Owó orí ilé àti ilẹ̀ tí àwọn olùgbé ń san ni orísun owó tí ó tóbi jù lọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Níú Sílándì. Bí àlejò bá ra nǹkan, owó orí ọjà, tí ó jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àpò ìjọba àpapọ̀ ni ó ń lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí etíkun, òun ni yóò gbá a, òun ni yóò kó pàǹtí, òun náà ni yóò sì sanwó fún òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ọkọ̀ wò lóru. Ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó wà létí adágún omi tí gbogbo ayé fẹ́ yàwòrán rẹ̀, ni ó ń ru ẹrù yìí jù. Èyí ni ó fà á tí ìkóríra tí àwọn kan ń pè ní ìkóríra àlejò fi sábà máa ń jẹ́ àròyé nípa ẹni tí yóò sanwó.

Ìjọba àpapọ̀ gbà pé àròyé náà ní ìdí. Ní ọdún 2017 ó dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀, mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́dún, láti fi bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Keje ọdún 2019 ó bẹ̀rẹ̀ sí gba $35 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn àlejò tí ń wọlé. Láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di $100.

Nílé ẹjọ́

Ẹgbẹ́ àwọn olọ́kọ̀-ilé kò fi ọ̀rọ̀ òfin ṣeré. Wọ́n gbé Thames-Coromandel lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, wọ́n ní ó ti de ibi tí ó pọ̀ jù. Ní ọdún 2014 ìjọba ìbílẹ̀ ni ó jàre. Ọ̀rọ̀ yí padà ní Queenstown-Lakes. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà wọ́gi lé òfin àdúgbò tí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ní ọdún 2021, nítorí pé wọ́n gbé e ka orí àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gbé yẹ̀wò lábẹ́ òfin ọdún 2011. Ìgbìmọ̀ náà ní láti bẹ̀rẹ̀ òfin mìíràn láti ìpìlẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ ti ibì kan pa mọ́ olọ́kọ̀-ilé mọ̀ pé òun gbọdọ̀ lè tọ́ka sí ibẹ̀ gan-an, kí òun sì sọ ohun tí ọkọ̀ náà ń bàjẹ́ níbẹ̀.

Àtúnṣe ọdún 2023

Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà ọdún 2023 gbé ẹrù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò ní èjìká ìlú, ó gbé e sínú ọkọ̀. Ó sọ pé lórí ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ọkọ̀ tí ó tó ara rẹ̀ nìkan ni ó lè sùn mọ́jú, àfi níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ti fàyè gba àwọn yòókù. Ọkọ̀ tí ó tó ara rẹ̀ ni èyí tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìbu omi níbòmíràn, láìsì da ìdọ̀tí kankan síta. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 2001, ṣùgbọ́n ó gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká láàyè. Ọ̀pọ̀ ni ó gbé ike rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn nítorí ìwé ẹ̀rí, tí wọn kò sì lò ó rí. Ní báyìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a kàn mọ́ inú ọkọ̀. Àmì àlẹ̀mọ́ aláwọ̀ ewé ni ó ń rọ́pò ti aláwọ̀ búlúù, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn púlọ́mbà ni ó sì ń darí ètò náà. Owó ìtanràn fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ di $400. Nítorí pé àtúnṣe ọkọ̀ ń náni lówó, ìjọba sún ọjọ́ gbèdéke fún ọkọ̀ aládàáni síwájú, títí di ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà ọdún 2026.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn

Ní Skọ́tlándì, òfin ọdún 2003 tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn kí wọ́n sì pàgọ́ nínú ìgbẹ́ kò kan ohun tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ọkọ̀-ilé wá pọ̀ lójú ọ̀nà etíkun àríwá lẹ́yìn ọdún 2015, ìgbìmọ̀ Highland kò fi òfin dè wọ́n. Ní ọdún 2024 ó ní kí wọ́n máa dá £40 fún ọjọ́ méje, ẹni tí ó bá fẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni ó ti pèsè ààyè ọkọ̀-ilé tí ó ní omi àti ibi ìda-ìdọ̀tí-sí, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n olórí ìlú lè fi àṣẹ de ọkọ̀-ilé ní òpópónà.

Àwọn tí kò ní ilé

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń sùn nínú ọkọ̀ ni ó ń ṣe fàájì. Ní àwọn ìlú tí owó ilé ti ga kọjá agbára òṣìṣẹ́, Queenstown pẹ̀lú wọn, àwọn kan ń jí nínú ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lábẹ́ òfin ọdún 2011, owó ìtanràn tí a lè bù fún arìnrìn-àjò ni a lè bù fún wọn. Àtúnṣe ọdún 2023 yọ wọ́n kúrò: ẹni tí kò rí ilé tí ó yẹ gbé, tí ó fi ọkọ̀ ṣe ilé nítorí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣe ìpàgọ́ òmìnira mọ́. Àlejò tí ó wá fún ìbẹ̀wò kò lè fi àyè yìí gbèjà ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá kan fèrèsé ọkọ̀ lóru ni ó kù fún láti mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.